Kí a tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilé tuntun

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́lé tà lóde òní ti dorí òwe náà kodò. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ilé, kí ẹnikẹ́ni tó wò ó rárá. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá, tàbí tó gba Lẹ́kíì lọ sí Ẹ̀pẹ́, yóò rí pátákó ìpolówó lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ya ilé funfun báláú sí, tí koríko tútù yí i ká, tí orúkọ òyìnbó sì wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Òmíràn nínú àwọn ilé náà kò tíì ní ìpìlẹ̀. Igbó ṣì ni, tàbí àbàtà.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bá àwọn tó ń kọ́lé tà jà. Ilé kò tó láàrin wa, iṣẹ́ gidi sì ni àwọn tó ń ṣe é dáadáa nínú wọn ń ṣe. Ohun tó mú wa sọ̀rọ̀ ni irú owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra àwọn ilé náà. Owó ìfẹ̀yìntì ni, owó kòkó ni, owó ilẹ̀ bàbá ẹni tí a tà ni, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ni. Òṣìṣẹ́ tó fi ọdún 35 sin ìjọba kò tún ní ọdún 35 mìíràn tí yóò fi kó owó jọ bí èyí bá wọmi. Láti ọdún 2022, àjọ tó ń mójútó owó ìfẹ̀yìntì lórílẹ̀-èdè yìí ti gbà kí òṣìṣẹ́ yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó fi ṣe owó àkọ́san fún ilé tó bá fẹ́ fi owó yíyá rà. Ìyẹn ni pé kéèyàn tó fẹ̀yìn tì rárá, ó ti lè kó lára owó ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ lé ilé lórí. Ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, kó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi tí ilé wà, nítorí a lè wó ògiri ká tún un mọ, ṣùgbọ́n kò sí bíríkìlà tó lè gbé ilé kúrò lójú omi.

Ìbàdàn ti jẹ tirẹ̀ nínú ìyà yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ilé onílé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì bá a lọ. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì báyìí. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀, àwọn odò tún kún àkúnya, omi gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, àwọn tó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Oṣù kan náà, ìlú kan náà, ọdún 31 ló wà láàrin wọn. Ní ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò Ògùn, ìsédò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983 ni wọ́n ń wò lójú lọ́dọọdún. Bí omi bá pọ̀ jù lẹ́yìn ìsédò náà tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, Ìṣẹ̀rì àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ní ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ará Ajégúnlẹ̀ fi ilé tí wọ́n fi òógùn ojú wọn kọ́ sílẹ̀ nítorí omi.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ wo ilé tó fẹ́ rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ìgbà ọdún Kérésì ni ọjà àwọn tó ń ta ilé máa ń yá: ọ̀nà gbẹ, àwọn ọmọ òkè òkun wálé, owó wà lọ́wọ́. Ẹ padà lọ ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó ti pẹ́ ládùúgbò náà, nítorí ibi tí omi bá dé rí, ó máa ń fi ìlà sílẹ̀. Ẹ bá ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkóríta sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ tà fún yín ju àkàrà lọ, nítorí náà òótọ́ ni yóò sọ. Ẹ sì béèrè orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́ kó tó di ẹ́sítéètì. Bí àbàtà tàbí odò bá wà nínú orúkọ náà, àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀nà omi tún ní ìjà ìjọba nínú. Ní ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Lẹ́kíì nítorí wọ́n ní ojú ọ̀nà omi ni wọ́n kọ́ wọn sí. Ẹni tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹjọ́ ló kù tí yóò máa rò. Àti ẹjọ́ àti òógùn ìfúnpá, ọjọ́ orí kan wà tí wọn kì í bára wọn gbé.

Ọ̀rọ̀ ìwé, a kò ní fa á gùn. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, àṣẹ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí ilé tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ gba lóyà tiyín, kì í ṣe lóyà ẹni tó ń ta ilé. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn awọnlẹ̀ lọ wò ó lọ́dọ̀ ìjọba bóyá ilẹ̀ náà kò sí lára èyí tí ìjọba ti gbà.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ìwé sì pé, ó ku ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn mọ́. Ilé tó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ló ń dé ibẹ̀, tí ọsibítù jìnnà sí, tí ọjà jìnnà sí, tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí a ń lọ di ìrìn àjò, ẹ ṣírò ohun tí ẹ ó máa ná lóṣù kan kí ẹ tó sọ pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ béèrè pé aláìsàn tó bá fẹ́ dé ọsibítù ní aago méjì òru, ta ni yóò gbé e, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà. Ẹ wo ẹni tí ẹ jọ máa pààlà pẹ̀lú. Bódìjà tó jẹ́ àdúgbò tó lórúkọ jù ní Ìbàdàn láti ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan dún, tó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ yíká.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àwọn àgbà ń pọ̀ sí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní dúpúlẹ́ẹ̀sì ló kún inú ẹ́sítéètì tuntun. Ilẹ̀ ti wọ́n, nítorí náà orí pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, wọ́n lè fún ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ọn. Ilé tó fún báyìí, òkè ló máa gbà. Nísàlẹ̀, pálọ̀, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré kan fún àlejò. Gbogbo yàrá ìbùsùn wà lókè. Ẹni ọgọ́ta ọdún yóò wọ ilé yìí pẹ̀lú ijó. Kò sí ẹni tó máa ń ka àtẹ̀gùn lọ́jọ́ ìṣílé. Ẹ kà á: nǹkan bíi 17 ni. Bí èèyàn bá gòkè lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ó ti gun 85, a kò tíì ka èyí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Kí orúnkún tó máa dún, kò sí ìṣòro.

Bàbá kan tí a mọ̀ dáadáa, ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Dúpúlẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin ló fi owó rẹ̀ rà, ó sì lẹ́wà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lẹ́yìn ọdún kẹfà. Láti ìgbà náà, orí tìmùtìmù nínú pálọ̀ ló ń sùn, ẹni tó bá wọlé ní láti kí i níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò kò ní ibi ìwẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì fún débi pé kẹ̀kẹ́ aláìsàn kò wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wẹ̀ fún un, lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. Yàrá mẹ́rin wà lókè tí òfìfo wà nínú mẹ́ta. Ó sọ fún wa pé yàrá kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ni òun ìbá fi gbogbo wọn pààrọ̀.

Àwọn baba ńlá wa tó kọ́ agbo ilé kò ka ìwé ayàwòrán ilé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́lé yóò darúgbó nínú rẹ̀. Yàrá baálé kì í jìnnà sẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá na àwòrán ilé sí yín, yàrá ìsàlẹ̀ tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yọ ọ́ lára pálọ̀ kí wọ́n tó parí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú tépù dání, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, bí ẹ bá gbé ibùsùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i, mẹ́rin ló kù. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ yóò tún jẹ méjì níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ló ṣẹ́kù tí ìyá àgbà yóò máa fi ọ̀pá rìn lóru.

Fèrèsé ńkọ́? Ilé tó so mọ́ ara wọn lápá ọ̀tún àti òsì, iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ni afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí iná, tí yàrá kan sì ní fèrèsé ẹyọ kan, ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n fi pọ́n ọn kò wúlò. Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀sán, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí ó bá gbóná bí ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rí lára ẹni tó bá sùn tì í. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò wà, tiyín àti ti aládùúgbò, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ wo ibi tí a ó ti gún iyán. Ẹ wo ibi tí a ó gbé ìkòkò kaná sí lọ́jọ́ ìnáwó, nítorí ẹ́sítéètì mìíràn ní òfin tó kọ̀ ọ́.

Omi mímu tún wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń dámọ̀ràn pé kí nǹkan bíi mítà 30 wà láàrin kànga àti ṣókéwéè. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 120, gígùn rẹ̀ látòkèdélẹ̀ kò ju mítà 37 lọ. Bí ilé mẹ́rin bá wà lórí rẹ̀, tí olúkúlùkù sì gbẹ́ omi tirẹ̀, ẹ ro ibi tí ṣókéwéè ẹnìkejì máa bọ́ sí. Kí ẹ béèrè ibi tí omi ti ń wá ṣe pàtàkì ju kí ẹ béèrè irú táìsì tó wà nílẹ̀.

Bí owó kò bá wá tó láti rí ibi tó dára àti ilé tó dára pọ̀, èwo ni ká mú? Ní tiwa, ilé oníyàrá méjì tí kò ní òkè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó súnmọ́ títì àti ọsibítù, sàn ju yàrá márùn-ún nínú àbàtà lọ. Àwọn tó ń tajà yóò sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa gbówó lórí lọ́jọ́ iwájú. Ó ṣeé ṣe. Ẹni ọdún 30 lè dúró dè é. Ẹni ọdún 65 nílò ibi tí yóò sùn lálẹ́ òní.

Àwọn ọmọ wa lókè òkun náà, ẹ gbọ́. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù kò ní òórùn, kò sì ní àtẹ̀gùn. Bí ó bá jẹ́ ìyá yín ni yóò gbé ilé náà, ẹ jẹ́ kí ó lọ wò ó fúnra rẹ̀, kí ó gòkè, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní ti ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ wa, ohun mẹ́ta la ń béèrè. Kí wọ́n lẹ àwòrán ibi tí omi ń yalé mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní èdè Yorùbá, kí àgbẹ̀ tó fẹ́ rà tàbí tó fẹ́ tà rí i kà. Kí wọ́n fi í ṣe dandan fún ẹni tó ń kọ́lé tà láti gbé ìwé àwòrán ilé tí ìjọba buwọ́ lù síta níbi iṣẹ́, kí a lè fi wé ohun tí wọ́n ń kọ́. A kò tíì gbàgbé ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má ṣe buwọ́ lu àwòrán ẹ́sítéètì kankan mọ́ bí kò bá sí yàrá kan pẹ̀lú balùwẹ̀ nísàlẹ̀, ó kéré tán nínú ìdajì àwọn ilé tó wà níbẹ̀. Bùlọ́ọ̀kù tí yóò fi lé e kò pọ̀. Bàbá ọ̀gá ilé ìwé yẹn ṣì wà nínú pálọ̀ títí di bí a ṣe ń kọ èyí.