Ẹsẹ̀ ni kí umpire máa wò, ẹ fi ọkàn pitcher sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo baseball Amẹ́ríkà lórí fóònù lóru bíi tèmi, ẹ wá bá mi dá ẹjọ́ yìí. 🧵

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má sá o. Pitcher ló ń ju bọ́ọ̀lù sí ilé, níbi tí ẹni tó máa gbá a dúró sí. Alátakò kan wà ní béèsì kìíní, ó ti yọ́ kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́ sáré lọ sí ìkejì. Pitcher lè yí padà lójijì kó jù ú sí béèsì kìíní, kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù kan alátakò yẹn kó tó padà. Pickoff nìyẹn. Òfin gbà á.

Àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń jù ú sí ilé, tó wá jù ú sí béèsì? Balk! Gbogbo ẹni tó wà lórí béèsì á sún síwájú lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ọlọ́wọ́ òsì gan-an ni wàhálà. Wọ́n kọjú sí béèsì kìíní, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, o ò sì ní mọ ibi tó ń lọ títí á fi balẹ̀. Ìwé òfin ní kó gbé ẹsẹ̀ náà tààrà sí béèsì tó ń jù ú sí. Kí ló ń jẹ́ tààrà? Àwọn umpire máa ń fojú inú fa ìlà dígírì 45 láàárín ilé àti béèsì kìíní. Bí ẹsẹ̀ bá kọjá rẹ̀ sápá ilé, balk ni. Ìlà yẹn ò sí nínú ìwé òfin o! Etí ìlà yẹn sì ni Andy Pettitte ti Yankees fi jẹun títí, tí àwọn alátakò ń pariwo balk, balk.

Ibi tó ti ń bí mi nínú rèé: ìwé náà ní tí umpire bá ń ṣiyèméjì, kó wo ohun tó wà lọ́kàn pitcher. Ẹ gbà mí! Ṣé babaláwo ni umpire ni? Ẹ̀tàn ni pickoff fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ èrò àtitanni jẹ lẹ ń wá, gbogbo wọn ló jẹ̀bi.

Ní 1988, wọ́n tún ọ̀rọ̀ òfin kọ lórí bí pitcher ṣe gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kó tó jù ú, wọ́n ní káwọn umpire má gbójú fò ó mọ́. Balk 924 lọ́dún kan! Dave Stewart nìkan kó 16. Lọ́dún tó ṣáájú, kò tó 400. Ṣé àwọn pitcher kàn sùn, wọ́n jí di oníjìbìtì ni? Ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n ló yí padà.

September 2022, wọ́n fọn balk mẹ́ta fún Richard Bleier ti Marlins nígbà tó ń jù ú fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó wà ní béèsì kìíní kàn rìn wálé gba àmì ni, bí ẹni ń lọ ra búrẹ́dì. Wọn kì í sì í fi fídíò yẹ balk wò.

Ẹ wo 2023. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni pitcher lè ṣe pickoff fún ẹnì kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Tó bá ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí kò mú alátakò, balk. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló wà lọ́kàn ẹ. Wọ́n kà á ni.

Ẹ kọ dígírì 45 yẹn sínú ìwé, kí ẹ jẹ́ kí fídíò wo ẹsẹ̀. Umpire tí kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti fi dájọ́ náà á dúpẹ́.

Tó o bá ní irọ́ ni mò ń pa, kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ 😂