Owó Ìsìnkú Wà Nílẹ̀, Owó Ìrora Ńkọ́?

 

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ àti pàǹtí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí akọ̀wé gbájú mọ́ ìwé owó oṣù, kó yéé pe ikú sí wa lórí. N ò pe ikú. Ìrora ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìrora àwọn àgbà wa tí à ń gbé dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù lóru, tí wọ́n á wà ní ẹmájẹ́nsì títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìsí ẹni tó bi wọ́n pé, "Mama, níbo ló ń dùn yín?"

Ẹmájẹ́nsì, nítorí ẹni tí mọ́tò kọ lù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ àti aboyún tí ọmọ há sí nínú ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Wọ́n á sáré, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á fa omi sí i lára, ẹni tó máa yè á yè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọdún 78 tí kánsà ti ń bá fínra láti bí ọdún méjì, tàbí bàbá tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí ẹsẹ̀ méjèèjì wú, eré yẹn nìkan ò tó o fún wọn. N ò ní kí wọ́n pa wọ́n tì. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ìrora rọlẹ̀, kí èémí balẹ̀, kí èébì dá, kí ẹni tí wọ́n mọ̀ wà nítòsí, kí ẹnìkan sì sọ òótọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún wọn.

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí náà la ti rí i. Ìyá kan tó ń ta ẹlùbọ́ pẹ̀lú wa, kánsà ọmú ti wọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Aago méjì òru làwọn ọmọ gbé e jáde nílé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn láàárọ̀, orí àga onígi ni mo bá ìyá, béèdì ò sí. N ò ní dárúkọ ọsibítù ọ̀hún. Wọ́n ti gba káàdì, wọ́n ti sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti ya fọ́tò àyà. Oògùn ìrora tí wọ́n fún un, parasitamọ́ọ̀ ni. Parasitamọ́ọ̀, fún kánsà tó ti wọ egungun! Mo bi nọ́ọ̀sì, ó ní dókítà tó lè kọ èyí tó lágbára wà lọ́dọ̀ àwọn tó ní ìjàǹbá ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà nìkan ló ń sáré kiri láàárín gbogbo èrò yẹn, n ò lè bínú sí i. Ọjọ́ kẹta ni ìyá dákẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. A dá aṣọ, a dá owó, a ta ìlù, ìrẹsì ò lóǹkà. Èmi ni mò ń kọ ìwé ẹgbẹ́, mo mọ ohun tó jáde nínú àpò. Nígbà àìsàn, ọsàn àti mílíìkì la gbé lọ kí i. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ìtọ́jú kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní palliative care. Èmi ń pè é ní ìtọ́jú ìtura. Ọ̀pọ̀ rò pé ìgbà tí dókítà bá ti ní kí á máa gbé e lọ sílé ló bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ pé àìsàn ńlá ni, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kó máa bá oògùn àìsàn náà rìn pọ̀. Ní 2014, àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ara ìtọ́jú tí ìjọba ń ṣe fún aráàlú. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan. Ní Ìbàdàn níbí, UCH ní ẹ̀ka tó ń ṣe ìtọ́jú ìtura, wọ́n sì tún ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí wọ́n ṣí ní 2012, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ẹni mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ó wà?

Oògùn tí mò ń sọ nípa ìrora tó le, mọ́fíìnì ni. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ pé, "Háà, oògùn olóró! Ṣé ẹ fẹ́ pa ìyá ni?" Mọ́fíìnì tí dókítà bá fi ìwọ̀n sí, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré, kì í pa èèyàn, kì í sì í sọ aláìsàn di ẹrú oògùn bí àwọn ọmọ ìta. Olómi kan wà tí wọ́n ń mu lẹ́nu ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kò nílò abẹ́rẹ́. Ó máa ń kun èèyàn lóorun níbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń há ìgbẹ́ mọ́ èèyàn nínú, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ tì í. Ó tún ń ran ẹni tí kò lè mí dáadáa lọ́wọ́. Ní Uganda, láti 2004 ni òfin ti fàyè gba àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà láti kọ ọ́ fún aláìsàn. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí níbi tí mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì yẹn ì bá ti rí nǹkan ṣe.

Òfin ìlera wa ti 2014 sọ pé ọsibítù kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbani wọlé yàtọ̀ sí kí wọ́n tuni lára, ìyẹn la fi gbọ́dọ̀ la ẹnu wa béèrè. Ẹ sọ fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá wa wo ìrora yìí." Kì í ṣe àfojúdi.

Ẹ má sì dúró de àgbà kó sọ pé ó ń dun òun. Àwọn ìyá wa á ní "kò le púpọ̀," kí ọmọ má baà náwó. Ẹni tó ti ń ṣarán ò tiẹ̀ lè sọ ọ́. Ojú ni kí ẹ máa wò, bó ṣe ń fa ojú ro, bó ṣe ń gbá ọwọ́ ẹni dànù tí a bá fẹ́ yí i. Iná tó mọ́lẹ̀ gan-an àti ariwo ẹmájẹ́nsì lè mú kí àgbà tí orí rẹ̀ pé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n ní àjẹ́ ń jẹ́wọ́. Àjẹ́ kọ́ jàre! Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan dúró tì í, ẹ mú awò ojú rẹ̀ dání, ẹ mú gbogbo oògùn tó ń lò àti káàdì àtijọ́. Ẹ máa yí i padà, torí bó bá pẹ́ lójú kan, awọ ìdí á bó, egbò á dé.

Ọ̀rọ̀ òótọ́ sísọ ló le jù. Dókítà á pe àkọ́bí ọkùnrin sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìyá tó ni ara ò ní gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní kí àyà rẹ̀ má baà já. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wa ò mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ṣakí dé, wọ́n ní gbèsè wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó jẹ ìyá náà, wọ́n dákẹ́ sínú ọjà, a ṣì ń rí wọn. Ká ní ẹnìkan ti rọra bi í pé, "Mama, ibo lẹ fẹ́ wà, kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?" yóò ti to ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Nítorí náà, àbá tí mo fẹ́ gbé síwájú ìpàdé rèé. Owó tí ẹgbẹ́ ń gbé kalẹ̀ fún ìsìnkú ọmọ ẹgbẹ́, ká dá a sí méjì. Kí ìdajì ṣeé gbà nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè, bí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ dókítà wá pé àìsàn ńlá ni, kí wọ́n fi ra oògùn ìrora, kí wọ́n fi san owó ọkọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá sílé, kí wọ́n fi ra rọ́bà tí a ń tẹ́ sórí béèdì. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ní ìdílé á bú wa pé a ò sin ìyá àwọn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú wa. Aṣọ ẹgbẹ́ tí a dá kẹ́yìn, ẹ ẹ̀ tíì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá takò ó, kó dìde ní ìpàdé kó sọ ọ́, kó má sọ ọ́ lábẹ́ igi. Ẹni tó bá sì ní ìyá tàbí ọkọ nílé tí irú àìsàn yìí ń ṣe, kó wá rí mi ní ìsọ̀ mi kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Mo ti ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé fún orúkọ wọn.