Kí Oníbàárà Náà Ní Kóńgò Tirẹ̀

Nínú gbogbo ọjà tí à ń fi owó òógùn wa rà lóde òní, n kò mọ èyí tí a ń gbà láìwọ̀n tó íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá tí ó bá lọ ra gàrí ní ọjà Bódìjà kò ní gbà kí wọ́n fi kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú wọn ọjà fún òun. Yóò yẹ ìdí rẹ̀ wò, yóò ní kí wọ́n rọ ọ́ kún dáadáa, yóò sì tún béèrè ènì kí ó tó tú owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kan náà bá délé, tí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè é lórí fídíò, tí ojú ọmọ kò mira mọ́ lórí fóònù, èpè ni yóò ṣẹ́, yóò pa ráútà, yóò tún un tàn, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀ títí owó oṣù yóò tún fi pé.

Èrò tèmi ni pé kí olúkúlùkù máa wọn íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó wọ̀n ọ́n bí ó ti yẹ, kí ó sì kọ iye rẹ̀ àti aago tí ó wọ̀n ọ́n sílẹ̀. Òṣùwọ̀n náà kò wọ́n: Speedtest ti Ookla wà níbẹ̀, Fast.com ti Netflix wà níbẹ̀, a kì í san kọ́bọ̀ lórí wọn, àfi dátà tí wọ́n ń jẹ, nítorí bí a bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 wọn ìyára mẹ́gábíìtì 40, dátà mẹ́gábáìtì 50 ti lọ nìyẹn. Àmọ́ àwọn àgbà ní agbọ́tẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, orí ibùsùn ni a ti ń wọ̀n ọ́n, ní yàrá tí ó jìnnà jù, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, a ó sì dá ẹjọ́ náà láìtíì gbọ́ tẹnu ráútà. Kí ènìyàn gbé kọ̀ǹpútà lọ sídìí ráútà, kí ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, kí ó ní kí àwọn ará ilé sinmi díẹ̀, kí ó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà kí ó padà sí yàrá, kí ó tún un wọ̀n láìsí wáyà. Bí ó bá bá 40 nídìí wáyà, tí ó bá 6 ní yàrá, ilé-iṣẹ́ kò jẹ̀bi. Inú ilé ni ẹni tí ó jẹ 34 yòókù wà.

Ẹni náà, ògiri ni. Búlọ́ọ̀kù onísìmẹ́ǹtì tí a fi ń kọ́lé, irin tí a fi dí ojú fèrèsé nítorí olè, dígí ńlá ara kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ni ó ń dènà ìgbì tí ráútà ń fọ́n ká. Ọ̀nà méjì ni ráútà òde òní sì máa ń gbà fọ́n ọn: ti 2.4 GHz, tí kì í yára púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ó rọrùn fún un láti la ògiri kọjá, àti ti 5 GHz, tí eré rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí ògiri méjì péré lè sọ di aláàárẹ̀. Síbẹ̀, ibo ni a ń gbé ráútà sí? Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni, tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí ìtòsí máíkírówéèfù, èyí tí òun náà ń ṣiṣẹ́ lójú 2.4 kan náà, tí yóò sì máa dí i lọ́wọ́ nígbàkúùgbà tí a bá ń gbé ọbẹ̀ gbóná. Àárín ilé ni ó yẹ ẹ́, lórí ohun tí ó ga, ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà takókó díẹ̀ fún àwọn tí ráútà wọn ń lo síìmù, nítorí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí òpó ni ìyẹn fẹ́; kí wọ́n fi í síbẹ̀, kí wọ́n sì fa wáyà láti ìdí rẹ̀ dé ìdí ráútà kejì láàárín ilé. Nínú ilé fúláàtì tí aládùúgbò pọ̀ sí, ẹni tí ó bá yí ti 2.4 rẹ̀ sí ojú ọ̀nà (channel) tí èrò kò pọ̀ sí, nínú 1, 6 àti 11, yóò rí ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé 6 náà ni ó bá nídìí wáyà, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú ilé, a sì gbọ́dọ̀ yíjú sí òǹtajà, ẹni tí kóńgò tirẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Mẹ́gábíìtì ni ó fi ń polówó, mẹ́gábáìtì ni fóònù fi ń ka fíìmù tí à ń gbà wọlé, báìtì kan sì jẹ́ bíìtì 8, tí ó fi jẹ́ pé 40 tí a rà kò lè ju 5 lọ lójú ẹni tí ó ń gba fíìmù. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Èyí tí ó ń bí mi nínú ni “títí dé”. “Títí dé 50” ni wọ́n kọ sí ojú pátákó. Ní aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti sùn, ó lè pé 50. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí onílé gbogbo ń wo fíìmù, tí àwọn ọmọ ń ta géèmù, ó di 4, a kò sì lè pè wọ́n ní òpùrọ́, nítorí 4 náà wà lára “títí dé 50”. Olè ti jàre olóhun nìyẹn, kì í sì í ṣe ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé nìkan. Ẹ má sì gbàgbé pé Speedtest lè lọ wọn ọ̀nà dé orí ẹ̀rọ tí ó wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà gan-an, kí èsì dára ju bí ọ̀nà ti rí lọ. Ẹ yan ẹ̀rọ tí ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí ẹ tún un wọ̀n.

Bí a bá pè wọ́n lẹ́jọ́, òkun ni wọn yóò nawọ́ sí. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 fara gbá a, àwọn báńkì ilẹ̀ wa fojú winá rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, sùúrù ni. Ṣùgbọ́n Èkó Àkéte, àrómisálẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ti gba okùn lálejò pẹ́, MainOne dé ní 2010, Equiano ti Google dé ní 2022, okùn kì í sì í já lálaalẹ́ ní aago mẹ́sàn-án.

Ètò ìjọba àpapọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2020 sí 2025, pinnu pé ìyára tí ó kéré jù yóò jẹ́ mẹ́gábíìtì 25 ní ìlú ńlá àti 10 ní ìgbèríko. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àjọ NCC, tí ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa, kò tilẹ̀ tó ìyẹn: kí wọ́n fi dandan lé e pé kí òǹtajà kọ ìyára tí ó kéré jù, láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́, sójú rìsíìtì, kí ó sì dá apá kan owó padà fún ẹni tí àkọsílẹ̀ ìdí wáyà rẹ̀ kò bá pé iye náà. Wọn yóò ní kò ṣeé ṣe, pé àwọn kò lè mọ iye ènìyàn tí yóò jókòó ti fíìmù lálẹ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye ènìyàn tí wọ́n tà á fún.