Ẹ̀rí Níwájú Ìgbìmọ̀ Ìparí-Aáwọ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Adájọ́ Robin Knowles, ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga tí ó wà ní London, ṣe ìdájọ́ kan tí ó gba orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lọ́wọ́ gbèsè tí èlé ti sọ di bílíọ̀nù 11 dọ́là ó lé. Àwọn ìwé ìròyìn kókìkí rẹ̀, àwa náà sì bá àwọn tí ń yọ̀ yọ̀. Nísinsìnyí tí ariwo ti rọlẹ̀, ó tọ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ketu, Ikosi àti Mile 12 bá wa yẹ ọ̀ràn náà wò, nítorí kì í ṣe ogun tàbí ìyàn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ọrọ̀ yẹn lọ. Ẹ̀rí ni, ẹ̀rí tí a gbé kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú wò.

Báyìí ni ọ̀ràn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójútó epo rọ̀bì bá ẹgbẹ́ oníṣòwò kan tí à ń pè ní P&ID, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù British Virgin Islands, tọwọ́ bọ̀wé. Ìjọba yóò máa fún wọn ní gáàsì fún 20 ọdún láìgbowó. Àwọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò fọ gáàsì náà mọ́, wọn yóò dá èyí tí ó mọ́ padà fún ìjọba, wọn yóò sì máa ta ohun iyebíye tí a bá yọ nínú rẹ̀. Ìjọba kò fi gáàsì ránṣẹ́, P&ID kò sì kọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta ní London: Lord Hoffmann, Sir Anthony Evans, àti Olóyè Bayo Ojo tí í ṣe agbẹjọ́rò àgbà ti ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, méjì nínú wọn pinnu pé kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, pẹ̀lú èlé 7 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún láti oṣù kẹta ọdún 2013. Olóyè Ojo kò fara mọ́ iye náà.

Àwọn tí ń tajà ní Mile 12 mọ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ tòmátì bá ti òkè Ọya dé, tí awakọ̀ ní apẹ̀rẹ̀ 200 ni òun kó, tí ẹni tí ń gba ọjà ní 180 ni òun rí, wọn kì í lọ sí kóòtù, nítorí tòmátì kì í dúró de lọ́yà. Àgbà ọjà tí àwọn méjèèjì gbà fún ni wọn ń tọ̀ lọ. Yóò béèrè pé kí ni ìwé ẹrù wí, ta ni ó kà á sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn wo ni ó dúró níbẹ̀? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà, òun ni ó sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ wa ró. Àgbà ọjà mọ awakọ̀, ó mọ oníṣòwò, ó sì lè dìde lọ ka apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ London kò mọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá gbé sí iwájú wọn nìkan ni wọ́n rí.

Òfin kò sì há wọn mọ́. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011 sọ ọ́ gbangba pé òun kò kan ẹjọ́ tí ó wà níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni yóò yan ẹ̀rí tí wọn yóò gbà àti bí ó ti wúwo tó. Ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń tẹ̀lé, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àgbáyé gbé jáde, tí a sì tún ṣe ní ọdún 2020. Ó wí pé ẹlẹ́rìí yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá pè é kí a wá bi í léèrè tí kò wá láìnídìí, a ó pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti mú ìwé tí a béèrè jáde, ìgbìmọ̀ lè gbà pé ìwé náà ta ko ẹni náà.

Ìdí tí ó dára ni ikú. Michael Quinn, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá P&ID sílẹ̀, kọ ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 2014, ó sì kú kí wọ́n tó jókòó gbọ́ ọ̀ràn gáàsì náà. Ìwé rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tí ó lè bi òǹkọ̀wé léèrè ọ̀rọ̀ kan. Àwọn aṣojú wa kò sì gbé ẹ̀rí tí ó tó nǹkan kalẹ̀ láti fi dojú kọ ọ́.

Ohun mẹ́ta ni Adájọ́ Knowles rí. Èkíní, P&ID fi irọ́ sínú ẹ̀rí Quinn, nítorí ó ròyìn bí àdéhùn ṣe wáyé láìmẹ́nu kan àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a fún òṣìṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní ilé-iṣẹ́ epo. Èkejì, wọ́n ń bá a lọ láti fún un lówó nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, kí àṣírí má bàa tú. Ẹ̀kẹta ni ó dùn wá jù: ìwé àṣírí tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kọ nípa ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ P&ID; wọ́n mọ̀ pé kò tọ́ sí wọn, wọ́n pa á mọ́, wọ́n sì ń fi mọ ohun tí Nàìjíríà ń rò. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tí ń ta ayò tí ó ń wo inú ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀!

Ìwé ni ó sì já irọ́ náà. Ní ọdún 2020 ni ìjọba bẹ ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní New York fún àkọsílẹ̀ àwọn báńkì, tí owó tí ń rìn sì fara hàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà Sir Ross Cranston gbà kí Nàìjíríà gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò ti kọjá.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìwé gbè wá ní London. Nígbà tí ìjọba gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Apapa lọ́wọ́ Olóyè Oluwa, Amodu Tijani, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ ní ọdún 1920, Ìgbìmọ̀ Ọba sì dá wọn láre ní ọdún 1921. Lára ohun tí wọ́n gbé ìdájọ́ náà lé ni ìròyìn tí Rayner, adájọ́ àgbà Èkó, ti kọ sílẹ̀ ní ọdún 1898 nípa bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ní ilẹ̀. Ìwé ti wà nílẹ̀ kí ìjà tó dé.

Ní ìparí ìdájọ́ rẹ̀, Adájọ́ Knowles ní ó yẹ kí a jíròrò lórí bí a ṣe ń kọ àdéhùn ńlá báyìí, lórí fífi ìwé hàn, lórí irú aṣojú tí ìjọba ń rán lọ, àti lórí ìkọ̀kọ̀ tí a fi bo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bóyá ó yẹ kí ìgbìmọ̀ náà ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó hàn pé apá kan kò jà dáadáa. Ní tiwa, a kò retí pé kí àjèjì mẹ́ta di àgbà ọjà fún wa. Òfin tuntun ti oṣù karùn-ún ọdún 2023 lórí ìparí-aáwọ̀ gbà kí àwọn oníjà fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbìmọ̀ kejì tí yóò tún ìdájọ́ yẹ̀ wò; ó dára, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kejì kò lè ka ìwé tí a ti sọnù.

Nítorí náà, a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣojú Kosofe ní Abuja pé kí ó gbé àbá kan lọ síwájú Ilé: kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó bá bá àjèjì tọwọ́ bọ̀wé máa tọ́jú ìwé àdéhùn, lẹ́tà àti ìwé owó pọ̀ sí ibì kan, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án sílẹ̀, àti pé kí ìjọba sọ fún Ilé láàrin oṣù kan tí a bá pe orílẹ̀-èdè yìí lẹ́jọ́ ní òkèèrè, kí ó sì dárúkọ àwọn tí yóò jà fún wa. A ó fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí i.