Mọ́tò Ítálì tó ń dán yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè páàtì ẹ̀ ní Ládípọ̀

Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù gidi ládùúgbò Ìdí-Àràbà, yálà òṣìṣẹ́ LUTH ni o, tàbí ẹni tó ń tajà lọ́jà Ojúwòyè, mọ́tò lohun tó máa kọ́kọ́ wù ú. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ń fún ara ẹ̀ mọ́ inú dánfó láti Mushin dé Yaba lójoojúmọ́ mọ ìdí tó fi fẹ́ jókòó sínú tiẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé owó ọwọ́ ẹ̀ kò tó Camry, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ ra mọ́tò hẹ́gẹhẹ̀gẹ tí wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ilẹ̀ Ítálì ti máa ń pàdé ẹ̀. Ó sábà máa ń dínwó ju Toyota tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ, ara ẹ̀ ń dán, ìjókòó ẹ̀ jẹ́ awọ, kò sì sẹ́ni tó ní irú ẹ̀ ní gbogbo òpópónà. Dílà á ní, "Ọ̀gá mi, kẹ́ ẹ ṣáà wọlé, kẹ́ ẹ máa wà á lọ ni."

Èrò tèmi ni pé iye tí dílà bá pè kọ́ ni owó mọ́tò l'Ékòó. Ládípọ̀ ni wọ́n ti ń dá owó mọ́tò, Ládípọ̀ ò sì jìnnà sí wa, Mushin níbí náà ló wà. Ẹni tí kò bá tí ì débẹ̀ lọ béèrè iye tí bẹ́líìtì, bùùṣì àti sẹ́ńsọ̀ mọ́tò náà jẹ́, ẹni náà ò tí ì mọ iye tó fẹ́ ra nǹkan.

Mi ò sọ pé mọ́tò wọn kò dáa o. Ẹ wo Alfa Romeo 156 tó jáde lọ́dún 1997. Wọ́n fi ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, téèyàn á fi rò pé ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Nọ́ńbà iwájú ẹ̀ kò sí láàárín bíi ti mọ́tò tó kù, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sún un sí kó má baà dí imú mọ́tò náà. Àwọn akọ̀ròyìn mọ́tò nílẹ̀ Yúróòpù dìbò fún un pé òun ni mọ́tò tó ta yọ jù lọ lọ́dún 1998. Akọ̀ròyìn bíi tèmi ni wọ́n, mo sì mọ̀ pé ohun tó bá rẹwà máa ń tètè mú wa.

Àmọ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Twin Spark, púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló sì ń jẹ. Méjì tó wà nínú sílíńdà kan kò tún tóbi bákan náà. Bẹ́líìtì tó ń darí àwọn fáàfù wá ni olórí ọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ bí mọ́tò bá rin 120,000 kìlómítà, ìgbà tí wọ́n rí i pé ó ń já ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n dín in kù sí 60,000. Bó bá já lórí ìrìn, písítìn á lọ kọ lu fáàfù, ó di kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nìyẹn. Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, èyí tó jẹ́ oní-sílíńdà mẹ́rin, ṣéènì ló ń lò ní tiẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, nínú àwa tí à ń ra tòkunbọ̀, ta ló mọ iye kìlómítà tí mọ́tò òun ti rìn lóòótọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n máa ń yí mítà sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ra mọ́tò Ítálì tiẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ irú mọ́tò tó jẹ́, torí kò rán mi níṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó ń tan fáànù ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Wọn ò rí irú ẹ̀ rà, ni rìwáyà bá so fáànù náà ní dáríẹ́ẹ̀tì, pé kó máa yí títí. Mẹkáníìkì náà yọ tẹmosítáàtì dànù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀, ó wá bu omi ẹ̀rọ sínú rádíétọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ti ń rò pé ẹ́ńjìnnì ò tí ì gbóná, tó ń da epo sí i ṣáá. Epo tí kì í ṣe ti ọ̀fẹ́ mọ́, láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tó ṣe, wáyà fáànù jó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, omi hó, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì sì lọ sí i. Ẹ̀gbọ́n rin Ládípọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní kó lọ wò ó ní ASPAMDA nínú Trade Fair, kò rí i níbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan ló padà bá a fi ránṣẹ́ láti London. Ìyàwó ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ítálì sétí mọ́, títí kan makaróní.

Kí ló dé tí páàtì wọn fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Mọ́tò tí wọ́n bá tú palẹ̀ lókè òkun ló ń di páàtì tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù. Irú mọ́tò tó bá pọ̀ níbi tí tòkunbọ̀ ti ń wá ni páàtì ẹ̀ máa pọ̀ lọ́jà wa. Amẹ́ríkà lọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nígboro lónìí ti wá, bẹ́ẹ̀ Fiat ti kó kúrò l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, ọdún 2011 ló tó padà síbẹ̀. Alfa Romeo náà jáwọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1995, ó sì tó bí ogún ọdún kó tó tún fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó wá ku ti Yúróòpù tó máa ń gba Kútọnu wọlé. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2017 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má kó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n fi páàtì ránṣẹ́ sóun, owó òyìnbó ló máa fi rà á. Kó tó di oṣù kẹfà, ọdún 2023, nǹkan bíi N460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó di 2024, ó ti lé ní N1,500.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé àwọn ará Ítálì ò mọ mọ́tò ṣe. Àwọn bàbá wa tó wa Lada láyé ọjọ́un mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kì í kú bọ̀rọ̀. Ọmọ Ítálì ni Lada. Fiat 124 làwọn ará Rọ́ṣíà gbà lọ́wọ́ Fiat nínú àdéhùn ọdún 1966, wọ́n fi irin tó nípọn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 1970. Ní tiwa, Peugeot lọ sí Kàdúná, Volkswagen dúró l'Ékòó, ọdún 1975 làwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò. Fiat náà wá sí Nàìjíríà, Kánò ló lọ, àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló ń tò níbẹ̀. Ara Peugeot àti ìjàpá làwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa ti kọ́ṣẹ́, ara Toyota àti Honda làwọn ọmọọ̀ṣẹ́ wọn ń kọ́ ọ báyìí. Ẹ tiẹ̀ wò ó, àwọn ará Èkó ti sọ Camry ní Muscle, wọ́n sọ Honda ní End of Discussion. Mi ò tí ì gbọ́ ìnagijẹ tí wọ́n fún mọ́tò Ítálì kankan. A kì í fún àlejò tí kò pẹ́ nílé ní ìnagijẹ.

Nítorí náà, ẹ yé bú mẹkáníìkì. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan irú ẹ́ńjìnnì yẹn rí, tẹ́ ẹ gbé e fún nítorí pé owó iṣẹ́ ẹ̀ ò wọ́n, kí lẹ fẹ́ kó ṣe ju kó máa dán an wò lọ? Ẹbi ẹni tó ra mọ́tò láìkọ́kọ́ wá ẹni tó máa tún un ṣe ni mo ń wí. Ó ń fi ìyẹn fìyà jẹ àwa tó kù náà. Òpópónà Ìṣàgà tó gba iwájú LUTH kọjá yìí, ọkọ̀ àwọn tí ẹ̀mí wọn ń bọ́ lọ ló ń gbabẹ̀. Bí mọ́tò kan bá kú sáàárín títì níbẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, káwọn LASTMA tó wá wọ́ ọ kúrò, wọ́n ti lè gbé aláìsàn tí kò yẹ kó kú dé ẹnu géètì lókùú. Ẹni tó bá ní owó òun lòun ná, kó rántí pé títì kì í ṣe tiẹ̀ nìkan.

Ẹni tó bá ṣì wù, kó rà á. Kó má jẹ́ òun nìkan ni mọ́tò tó fẹ́ máa gbé lọ síbi iṣẹ́, kó sì ya owó bẹ́líìtì sọ́tọ̀ kó tó sanwó mọ́tò, nítorí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe sí i nìyẹn, ohun yòówù kí mítà sọ. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò ó, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa dún bí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án, kẹ́ ẹ sì mú ẹni tó ti tú irú ẹ̀ rí dání. Bí dílà bá ti tàn án sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ní kó pa á, ẹ jókòó dè é kó tutù. Bó bá lóun ò ráyè ìyẹn, ẹ wọ dánfó yín padà sílé.