NÁÍRÀ ÀTI SẸ́FÀ: ADÌẸ BÀ LÓKÙN

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń gbọ́ ní ìsọ̀ káàkiri, pàápàá lẹ́nu àwa tí à ń ná ọjà Kútọnu. Wọ́n á ní, "Ti àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ dára ju tiwa lọ. Owó tiwọn kì í já wálẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí jọ òótọ́, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ohun tí ojú wa rí kò kéré. Ní ọdún 2014, náírà kan ń gba nǹkan bíi sẹ́fà mẹ́ta. Nígbà yẹn, bí a bá gbé náírà dé Dantokpa, wọ́n á sáré gbé àga fún wa. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, sẹ́fà kan ṣoṣo ti ń gbà ju náírà méjì lọ. Ọdún mẹ́wàá péré mà ni o!

Àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà fara gbá a. A kó ìdì aṣọ 20 wọlé kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, ìyẹn oṣù tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la tà á títí wọ oṣù kọkànlá, àwìn sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. A jèrè lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, a kọ ọ́ sínú ìwé, inú wa ń dùn. Nígbà tí a padà dé Kútọnu, gbogbo owó náà, tojú owó tèrè, ìdì 14 ló rà. Ìdì 6 ti lọ, bẹ́ẹ̀ olè kankan ò wọ ìsọ̀ wa. Èrè tí à ń jẹ, ojú owó ni à ń jẹ.

Kí ló wá dé tí sẹ́fà kì í mì? Wọ́n so ó mọ́ owó yúrò ni. Láti ọdún 1999, yúrò kan kò yẹ̀ lórí sẹ́fà 656 dín díẹ̀. Ìyẹn ni ìyá aláṣọ ní Kútọnu ṣe lè jókòó ṣírò ọjà tó máa rà lọ́dún tó ń bọ̀. Kì í ṣe bí owó wọn ṣe tóbi là ń jowú, bí ó ṣe dúró ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Okùn tí wọ́n fi so ó, kò sí lọ́wọ́ àwọn nìkan. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná sẹ́fà yẹn pọ̀, Dàkáà ní Sẹ̀nẹ̀gà ni báńkì tó ń ṣe é wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn èèyàn sùn, wọ́n jí, owó wọn ti di ìdajì. Sẹ́fà 50 ló ń gba owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tiwa ń jò bí ìkòkò tó lu. Tiwọn dúró títí, ó wá fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún wò ó. Àwa lé ní 200 mílíọ̀nù. Àwọn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 14. Ọ̀pọ̀ ìrẹsì àti mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, ẹnu wa ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba wa ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ìrẹsì gbówó lórí níbí, tòmátì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó àwọn àgbẹ̀ wọn sì ń jẹrà lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo níbí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn tó ń ta "kpayo" lójú títì Kútọnu ló kọ́kọ́ fowó lé e. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Tó bá jẹ́ ìlara la fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ ká jowú ohun tó yẹ. Òwú pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, òkè òkun ni wọ́n sì ń kó o lọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí, wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Glo-Djigbé, níbi tí wọ́n ti ń fi díẹ̀ nínú òwú náà ṣe aṣọ fúnra wọn. Àwa tí a ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná àti Kánò nígbà kan ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ti ti ilẹ̀kùn. Orílẹ̀-èdè tí kò ṣe nǹkan, tí ó kàn ń ra nǹkan, owó rẹ̀ á máa sá lọ ni.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba fún àwọn ilé iṣẹ́ níná, kí wọ́n má sì ṣe ti ẹnubodè mọ́ wa lójú láìsọ fún ọlọ́jà. Àmọ́ ká tó rí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ara wa. Ẹ má fi náírà nìkan ka èrè mọ́, ọjà ni kí ẹ fi kà á. Bí o bá ta ìdì mẹ́wàá, tí owó rẹ̀ kò lè ra mẹ́wàá padà, o ò tíì jèrè, má ra aṣọ ẹbí. Ẹ dín àwìn kù pẹ̀lú. Owó tí oníbàárà á san lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti rù kó tó délé.

Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó gbé e wá sí ìpàdé, etí wa ṣí sílẹ̀. Ọjà á tà o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́