Wọ́n Yẹ Ọpọlọ Rẹ̀ Wò, Ta Ló Máa Yẹ Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Wò?

Ọmọ àǹtí mi ní Ìpájà pé ọdún méjì lóṣù tó kọjá. Oyún rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ 29 lọ tí wọ́n fi bí i. Nígbà náà, àwọn dókítà gbé ẹ̀rọ síkáànù lé àwùjẹ̀ rẹ̀, ibi rírọ̀ lókè orí tí egungun kò tíì pa dé, wọ́n wo ọpọlọ rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kankan ò ya síbẹ̀. A dúpẹ́, a jó, ọ̀rọ̀ parí. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò ju mẹ́fà lọ. Tí mo bá yanu, wọ́n á ní, "Ṣebí wọ́n ti yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò?"

Síkáànù yẹn wúlò o. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ọmọ tí wọ́n bí kí ọ̀sẹ̀ 32 tó pé kò lágbára rárá. Tí ẹ̀jẹ̀ bá máa ya, láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́, síkáànù á sì rí i. Èyí tó máa ń ṣòro fún un láti rí ni ìpalára kéékèèké nínú àwọn okùn funfun tó so apá ọpọlọ kan mọ́ òmíràn. MRI ló ń rí ìyẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í ṣe aríran. Lọ́dún 2006, Lianne Woodward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ 167 ní New Zealand àti Australia. Wọ́n ya ọpọlọ wọn nígbà tó yẹ kí oyún wọn pé, wọ́n sì tún yẹ̀ wọ́n wò ní ọmọ ọdún méjì. Bí ìpalára ṣe pọ̀ nínú àwòrán ni ewu ṣe ń pọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan tí àwòrán wọn mọ́ fà sẹ́yìn, àwọn kan tí tiwọn burú sì ṣe dáadáa.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka wa. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe Bayley, ìdánwò tí wọ́n ń lò káàkiri fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wò ó bóyá ọmọ ti ń fi ìparí sí ọ̀rọ̀ orúkọ kó lè di púpọ̀. Lédè tiwa, ajá kan, ajá méjì, ajá náà ni. Ọmọ tó bá sì pe igbá ní igba ńkọ́? Ohùn kò sí lára ohun tí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́.

(Ẹ má gbàgbé: ọmọ ọ̀sẹ̀ 29, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀sẹ̀ 11 kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní ó pẹ́. Àǹtí mi ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀ títí di ọdún yìí.)

Ọ̀pọ̀ wa ní kíláàsì àṣekágbá fẹ́ kọ prójẹ́ẹ̀tì lórí orin tàbí ìpolówó ọjà. Kò burú. Àmọ́ ká rí ẹni márùn-ún péré tó máa gba ohùn àwọn ọmọ ọdún méjì sílẹ̀ ládùúgbò wọn, tí òbí bá fọwọ́ sí i, ká lè mọ iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ àti ohùn tó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ń bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́, ẹ ké sí wa.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ náà na ife sí mi, ó ní, "Omi tán." Ohùn òkè orí "tán" yẹn dún ketekete. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Àǹtí mi sì ti gbà: lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò.